Omi Iṣu Tuntun

Ẹ kọ́kọ́ bú mi ná, kí n tó máa sọ ìtàn yìí lọ. Èmi Sàrátù, ìyá Asisat, arúgbó Esie tí ìdí rẹ̀ tóbi ju làákàyè rẹ̀ lọ, wọ́n ní kí n da omi nù, mi ò dà á nù. Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí a fi se iṣu ni, tí ewúrẹ́ ilé kejì ì bá mu tán kó tún lá igbá rẹ̀. Ẹni tó kàwé ló sọ fún mi. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Mo mi orí, mo ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi." Àmọ́ mo gbọ́n ju ẹni tó kàwé lọ nígbà yẹn. Ẹ óò rí bí mo ṣe gbọ́n tó.

Bùkárì ni orúkọ ọkọ mi. Lójú ènìyàn, Bàbá Asisat ni mo ń pè é, òun náà á pè mí ní Ìyá Asisat. Bó bá ku àwa méjì péré, Àwẹ̀ró ló ń pè mí, oríkì tí ìyá mi fún mi. Esie ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo dé, nígbà tí ìjọba san owó Údójì, àfikún owó oṣù, tí gbogbo òṣìṣẹ́ fi ń ra rédíò, Èkó la wà. Tírélà ni Bàbá Asisat ń wà. Ó ń kó sìmẹ́ńtì láti Àpápá lọ síbikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, kò sì síbi tí wọn kì í ti kọ́lé nígbà yẹn. A ní fíríìjì méjì. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ti bàjẹ́, bàtà ni mo ń kó sínú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi jù, bàtà náà kún inú rẹ̀.

Ìrẹsì tí mo dànù lọ́dún wọ̀nyẹn á bọ́ gbogbo àdúgbò wa ní Esie fún oṣù kan gbáko. Bí oúnjẹ bá ti sùn di ọjọ́ kejì, mo máa ní kò ṣe é jẹ mọ́, ìkòkò dọwọ́ mi, ó dorí ààtàn. Àwọn ajá àdúgbò mọ ohùn mi ju ti àwọn olówó wọn lọ. Ìyá ọkọ mi wá kí wa lẹ́ẹ̀kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń da ìrẹsì nù tòun ti ẹran lórí rẹ̀. Ìyá náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó bú sẹ́kún. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, Èkó nìyí o." Ó kàn ń sunkún lọ ni.

Nígbà tí nǹkan yí padà, ó yí padà pátápátá. Wọn kò kọ́lé mọ́. Ẹni tó ni tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní táyà kọ̀ọ̀kan. A di ẹrù wa, a padà sí Esie, Bàbá Asisat mú ọkọ́, ó ń kọ ebè iṣu. Ọdún kan wà tó jẹ́ pé èèpo iṣu ni mo sá, tí mo lọ̀, tí mo rò fún àwọn ọmọ jẹ. Mo jókòó síwájú ìkòkò lọ́jọ́ náà, mo rántí ààtàn Èkó, mo rántí ìyá ọkọ mi lórí búlọ́ọ̀kù, mo fi Kùránì búra pé ohun tí ẹnu lè jẹ kò tún ní ti ọwọ́ mi dé ilẹ̀ láéláé. Omi ìrẹsì, mo fi ń po ògì. Omi ẹ̀wà, mo fi ń se ọbẹ̀. Egungun ẹja, mo ń gún un. Bàbá Asisat máa ń ní bí òun bá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, òun gbọ́dọ̀ tètè mú un wọlé kí n tó gbé e kaná.

Ọdún tó pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. A ní iṣẹ́ oko ni. Nígbà tí ojú náà wú, tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí dáadáa, Asisat ọmọ wa, tó ń ṣe tíṣà ní Ìlọrin, wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀. Wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀, lọ́jọ́ Àtàláátà àti lọ́jọ́ Jímọ̀, títí ayé rẹ̀. Bí àwa méjèèjì ṣe di ará ilé ọmọ wa nìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi nínú rọ́bà, tó ń jáde lápá kan tó ń wọlé lápá kejì, mo fi ìborùn bo ojú. Òun gan-an ló ń tù mí nínú. Ó ní, "Ìyá Asisat, ṣé o kò rí i pé ẹ́ńjìnnì ni? Wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì mi ni."

Ẹ̀rọ náà gbà á lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n ó mu ún gbẹ. Ọkùnrin tó ń yí ìdarí tírélà, apá rẹ̀ wá tín-ín-rín tó jẹ́ pé aago ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ dé ìgúnpá. Kò lè dìde lórí ẹní ìkírun mọ́. Ìjókòó ló fi ń kírun. Bó bá fẹ́ lọ tọ̀, èmi ni mo máa ń gbé e ró, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí mo ń gbé ró yìí ló ń gbé mi lórí kẹ̀kẹ́ lọ sí Orò nígbà tí a ń fẹ́ra wa, èmi tí mo tóbi báyìí.

Òun ni baálé ìdílé wọn, ohun kan ṣoṣo ló sì ń dùn ún. Ní ìdílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu títí baálé ilé yóò fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé oko, tí yóò bẹ̀rẹ̀, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa àkọ́kọ́, tí yóò sì dìde pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kì í gbé e lọ. Wọn kì í dì í mú. Ọdún tí baálé kò bá lè ṣe é, àbúrò rẹ̀ ni yóò wa iṣu náà, láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò sì ní fi ọ̀rọ̀ ilé lọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n á máa kí i dáadáa o, wọ́n á máa gbé oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n ó ti di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kí iṣu gbó.

Ó sọ fún àwọn méjì tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan ni Eunice, obìnrin kúkúrú kan láti Òmù-Àrán, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì ni Abdulkadir, ọkùnrin gíga kan tó ń kọ́ aláìsàn ní ìdìde àti ìrìn. Bàbá Asisat wò wọ́n lójú, ó ní, "Mi ò bẹ̀ yín pé kí n pẹ́ láyé. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rìn dé ìdí ebè mi."

Abdulkadir ní, "Bàbá, láti ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí dé ìdí ebè, ó tó ìṣísẹ̀ mélòó?"

"Ó tó irínwó."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Ẹ dìde lórí àga yẹn láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan."

"Ta ni yóò gbé mi?"

"Itan yín."

"Itan mi ti kú ṣáájú mi, ọmọ yìí."

Ojú rẹ̀ fà ro. Mo rí i pé ìtìjú ti fẹ́ mú un, ni mo bá ní, "Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Mo jókòó sórí àga, mo ká ọwọ́ sáyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Mo dé àárín, mo kọ́ síbẹ̀. Mo tún fi agbára kún un. Ni ìsó kan bá bọ́ lẹ́yìn mi, ó dún bí ìgbà tí oníṣòwò bá ń ya aṣọ tuntun. Bàbá Asisat wò mí, ó wo Abdulkadir, ó bú sẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta ni mi ò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ohun tó ń gbé ènìyàn dìde nìyẹn, èmi náà máa gbìyànjú." Ó sì gbìyànjú. Lọ́jọ́ yẹn, ìdí rẹ̀ kúrò lórí àga ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni. Àárọ̀ ìdìde mẹ́wàá, ìrọ̀lẹ́ ìdìde mẹ́wàá. Láti ẹnu ọ̀nà Asisat dé ìdí igi máńgòrò, láti ìdí máńgòrò dé géètì. Èmi ni mo ń ka ìṣísẹ̀. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, mo máa ń ka iye kan lẹ́ẹ̀mejì, òun á ní, "Ìyá Asisat, o ń rẹ́ mi jẹ."

Ti Eunice ló le. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ń fọ ẹran ara náà lọ, nítorí náà Bàbá gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹja àti funfun ẹyin lójoojúmọ́. Ojú ti Bàbá Asisat. Àgbàlagbà Esie, tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tó ti di bàbá ọmọ ló ti ń jẹ ẹ̀bà, tó ń fi ẹran sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, òun ni wọ́n ní kó jókòó kó máa jẹ ẹyin mẹ́ta! Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́, bí ẹni jí i. Omi mímu, ife méjì péré lójúmọ́. Iyọ̀, kó máà sí. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó gbójú kúrò. Nígbà tí Eunice wá dé orí iṣu, mo gbé ìdí sún mọ́ iwájú.

Ó ní, "Màmá, ẹ máa gé iṣu náà wẹ́wẹ́."

"Bí ti ẹni tí kò ní eyín?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí mẹ́rin, ẹ da omi yẹn nù. Ẹ bu òmíràn sí i, ẹ sè é. Bó bá ti hó dáadáa, ẹ tún da ìyẹn nù, ẹ wá fi omi tuntun sè é jinná. Ẹ da ìyẹn náà nù."

"Eunice, kí ló wá kù nínú iṣu?"

"Iṣu ló kù, Màmá."

"Igi ìdáná ló kù!"

Àwọn aláìsàn tó wà lórí ẹ̀rọ ń rẹ́rìn-ín. Eunice náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi, Màmá. Iyọ̀ kan wà nínú iṣu tí ojú kò rí, tí ahọ́n kò mọ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ọjà. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá ló máa ń lé e jáde. Ti Bàbá kò lè lé e mọ́. Bó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kò ní kọ́kọ́ ṣe wọ́n bí ẹni pé ara ń ro wọ́n. Ọkàn ló máa ń dá dúró. Inú omi yẹn ni iyọ̀ náà ń bọ́ sí. Ẹ dà á nù."

Mo mi orí, mo ní mo ti gbọ́. Àbí mo purọ́? Mo gbọ́ lóòótọ́. Ní Ìlọrin, Asisat ló ń se iṣu náà, òun ló ń da omi rẹ̀ sí gọ́tà. Mo máa ń yí ojú sí ògiri.

Kí n má parọ́, oúnjẹ aláìládùn náà ṣiṣẹ́. Lóṣù kejì, aago ọwọ́ rẹ̀ dúró sí ibi tó yẹ kó dúró. Lóṣù kẹta, ó dìde kírun. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹní tèmi, mo rí i tó lọ sílẹ̀ fún ìforíkanlẹ̀, mo rí i tó gbéra padà láìdi nǹkan kan mú, ọ̀rọ̀ ìrun sì parẹ́ lẹ́nu mi. Lóṣù kẹrin, ó rin irínwó ìṣísẹ̀ lọ, ó rin irínwó bọ̀, ó wá dúró níwájú Abdulkadir, ó ní, "Ẹ yọ̀ǹda mi, mo fẹ́ lọ wa iṣu."

Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Eunice ní kó fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Àtàláátà, kí a lọ sílé lọ́jọ́ Àlàrùbá, kó wa iṣu lọ́jọ́ Àlàmísì, kó sì padà sórí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní kó jẹ iṣu tuntun náà bó bá wù ú, ẹ̀kúnwọ́ kan ṣoṣo. Ó tún kọjú sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ rántí omi." Mo ní, "Ó wà lórí mi."

Asisat ní iṣẹ́, kò lè bá wa lọ. Èmi ni yóò se oúnjẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, gbogbo ìdílé ti wà lẹ́bàá ọ̀nà oko. Àbúrò rẹ̀, Salaudeen, gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó ti múra sílẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ti wọ bùbá tuntun wá sóko. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ń retí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n pọ̀n yín?"

Bàbá Asisat ní, "Lọ pọn ìyàwó rẹ. Yà lọ́nà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò sẹ́ni tó di í mú. Mo tẹ̀ lé e, mo ń kà á sínú. Nígbà tí mo ka igba, ó dúró, ó mí, àwọn obìnrin ilé ń wo ojú mi, mo ní kí wọ́n wo iwájú. Nígbà tí mo ka irínwó dín mẹ́jọ, a ti dé ìdí ebè. Ó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má bàa dá. Iṣu náà jáde, ó gùn tó apá mi. Ó wá ku ìdìde. Ó gbé iṣu mọ́ àyà. Mo rí i tí itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi náà fún itan tèmi pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ dìde, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kí n tún ṣe ohun tí mo ṣe níwájú Abdulkadir.

Ó dìde. Ó dúró ṣánṣán pẹ̀lú iṣu rẹ̀ lọ́wọ́. Salaudeen gan-an ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ sínú oko, tòun ti bùbá tuntun.

Mo gba iṣu náà, mo gbé e wọ ilé ìdáná, mo sì kọ́kọ́ ṣe ohun tí Eunice wí. Mo gé e wẹ́wẹ́. Mo rẹ ẹ́, mo da omi ìrẹ náà nù, nítorí èyí tó ní erùpẹ̀ nínú ni, kò dùn mí. Mo sè é. Nígbà tó hó, mo gbé ìkòkò kalẹ̀, mo da iṣu náà sínú ajẹ̀rẹ̀, mo fi ìkòkò kékeré gba omi rẹ̀ nísàlẹ̀. Omi náà ki, ó funfun bí omi ọyàn, òórùn ilẹ̀ tuntun ń jáde nínú rẹ̀. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Lóòótọ́ ni, mo gbé e dé ibẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló yọ sí mi lọ́kàn. Obìnrin yẹn, nígbà ayé rẹ̀, kì í da omi iṣu àkọ́kọ́ nù. Ó máa ń fi se ọbẹ̀ baálé ni. Ó ní agbára tí ilẹ̀ kó jọ láti ọdún tó kọjá, inú omi yẹn ló máa ń wà, ẹni tó bá rin ìrìn láti wá a ló ni ín. Mo rò ó pé ọkọ mi ti rin irínwó ìṣísẹ̀ fún iṣu yìí, kí n wá fi agbára rẹ̀ fún ilẹ̀ mu? Mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo ń rí ààtàn Èkó. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Mo sọ fún ara mi pé Eunice kò bá ìyá ọkọ mi pàdé. Mo yíjú padà, mo da ìdajì omi náà sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ìyókù, mo bò ó, mo gbé e sẹ́yìn ààrò, kí n fi po ògì rẹ̀ láàárọ̀. Mo wá fi omi tuntun se iṣu náà jinná.

Ó jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà níwájú àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ iṣu kan ló jẹ, bí wọ́n ṣe wí, mo rí i dájú. Ṣùgbọ́n ó mu ọbẹ̀ náà, ó fi ìka nu abọ́, ó ní kí n tún bu díẹ̀ wá. Nígbà tó ku àwa méjì, ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àwẹ̀ró, láti oṣù mẹ́rin, òní ni mo jẹ oúnjẹ. Kí lo fi se ọbẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi sè é."

"Irọ́ lò ń pa. Mo mọ ọwọ́ rẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo kó abọ́ jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo po ògì rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ nínú omi tó kù, mo gbé e fún un kí ọkọ̀ tó dé. Ọkọ̀ kò tètè dé. Ìgbà tí epo ọkọ̀ wọ́n gógó ni, dẹ́rẹ́bà ti sun ilé epo mọ́jú, kẹ́ẹ̀gì kan ló rí gbà. Nígbà tó fi dé, oòrùn ti gòkè. Mo ní, "Ó yá, Bàbá Asisat, ẹ dìde." Ó ká ọwọ́ sáyà bí Abdulkadir ṣe kọ́ ọ, ó gbìyànjú, ìdí rẹ̀ kò kúrò lórí àga. Ó tún gbìyànjú. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Ó ní, "Ó dà bí ẹni pé mo fi wọ́n sílẹ̀ lóko."

Salaudeen ló pọ̀n ọ́n dé ọkọ̀. Bàbá Asisat kò bá a jà.

A kọjá Orò, a kọjá Àjàṣẹ́. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Mo gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń lù bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tó ń gbàgbé láti kàn án: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, á dákẹ́, á tún kàn. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà sáré. Ó ní òun ń sáré, Ìyá. Bàbá Asisat la ojú. Ó ní, "Àwẹ̀ró, o kò tíì sọ ohun tí o fi se ọbẹ̀ yẹn fún mi." Mo ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ máa mí." Ó tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni ń retí kí n parí ọ̀rọ̀. Kí a tó dé Ìdófìàn, ilẹ̀kùn náà kò ní ẹni tó ń kàn án mọ́.

Dẹ́rẹ́bà yí ọkọ̀ padà. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ikú iyì ló kú, pé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wa iṣu, ó sì lọ gẹ́gẹ́ bí baálé. Wọ́n ń kí mi pé mo ṣe ìyàwó, mo sì ń dáhùn. Mo ń wo ẹnu mi bó ṣe ń dáhùn.

Ní ọjọ́ kẹta, Eunice àti Abdulkadir wá láti Ìlọrin. Wọ́n bá mi lórí ẹní nínú yàrá. Abdulkadir ń fi fìlà rẹ̀ nu ojú.

Ó ní, "Màmá, wọ́n rìn débẹ̀?"

"Wọ́n rìn débẹ̀. Irínwó dín mẹ́jọ."

"Ta ló gbé wọn dìde?"

"Itan wọn."

Ó mi orí, ó tún mi orí, ó gbé ojú sí ògiri. Eunice wá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú bó ṣe dì í mú lọ́jọ́ yẹn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo gbọ́dọ̀ béèrè, torí àwọn tó kù. Kí ni wọ́n jẹ gbẹ̀yìn?"

"Iṣu."

"Ẹ̀kúnwọ́ kan?"

"Ẹ̀kúnwọ́ kan."

"Ẹ rẹ ẹ́?"

"Mo rẹ ẹ́."

"Ẹ da omi rẹ̀ nù?"

Mo ní, "Mo dà á nù, ọmọ mi."

Eunice mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ mi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, Màmá. Àwọn ìyàwó kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá sọ̀rọ̀ títí dọ̀la, wọn kò ní gbọ́. Ẹ̀yin gbọ́. Ẹ gbìyànjú fún wọn."

Mo fẹ́ la ẹnu. Mo fi Ọlọ́run búra, mo fẹ́ la ẹnu. Asisat wà ní ilé ìdáná láti àárọ̀, ó ń bá mi fọ àwọn ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ Jímọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn rẹ̀ wọlé bá wa, ó dún ketekete, bí ohùn ẹni tó ń fẹ́ wúlò:

"Màámi! Mo rí omi kan nínú ìkòkò kékeré tí ẹ bò sẹ́yìn ààrò. Omi iṣu ni, ó ti kan. Ṣé kí n dà á nù?"